Okùn Tí Ìyá Mi Dì Mú

Mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà ìyá mi fún ìsìn ọjọ́ kejì nígbà tí ọmọbìnrin kan láti ìjọ wa kan ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ya kàtúùnù ní Lẹ́kkí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó sì sọ ohun tí ó bá wá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe kàtúùnù olórin tí òbí àti ọmọ lè jọ jókòó wò, nípa àwọn apẹja etí òkun wa kí títì ẹsipírẹ́ẹ̀sì tó dé. Ó ti gbọ́ ìtàn tí ìyá mi sọ lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, ó sì wá tọrọ rẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn. Eleko létíkun ni wọ́n bí ìyá mi sí. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ da àwọ̀n ńlá sókun, àwọn kan á di orí okùn kan mú létíkun, ọkọ̀ á gbé àwọ̀n lọ sórí omi, á yí po, á sì mú orí okùn kejì padà wá sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn á tó máa kọrin, tí wọ́n á máa fà á. Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá di okùn mú létíkun kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Ọmọdé ni ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn àgbà dì í mú. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà nínú ọkọ̀. Ìjì jà, ọkọ̀ náà kò sì padà mọ́. Gbogbo èèyàn ti ju okùn sílẹ̀ tán, ìyá mi ṣì dì í mú. Bàbá wọn ló tú ìka wọn kúrò lára okùn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti kékeré mi, n kò gbọ́ kí ìyá mi kọ orin àwọ̀n rí.

“Màmá,” ọmọbìnrin náà ní, “mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn ọmọdé ló máa wò ó. A fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn padà wá.”

Ìyá mi wò ó. “Ta ló ní ó padà wá?”

“Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Àwa la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

Mo pa áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n fẹ́ họ egbò tí ó ti ń jinná. Ṣùgbọ́n títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn pé ó sọ òótọ́ kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

“Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é,” ni ìyá mi wí nígbẹ̀yìn. “Màá tiẹ̀ kọ orin rẹ̀ fún yín. Àmọ́ mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí títì ní Lẹ́kkí ni sítúdíò tí wọ́n ti fẹ́ gba orin náà sílẹ̀ wà. A tètè dé láti Ajah. Nínú ọkọ̀, ìyá mi ń wo ìta, wọ́n ní orí iyanrìn làwọn máa ń ru ẹja gbà kọjá lágbègbè yìí, tí oòrùn á máa jó àwọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n gbé makirofóònù síwájú ìyá mi. Ìyá mi la ẹnu, wọ́n tún pa á dé.

“Àbí ẹ ti gbàgbé ẹ̀ ni, Màmá?” ni ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ bi wọ́n.

“Ìwọ lo gbàgbé. Ta ní ń fọwọ́ òfìfo kọ orin àwọ̀n?” Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n ju etí rẹ̀ kan sí mi. “Dì í mú. Ìwọ ni àwọ̀n.”

Wọ́n fà á, mo tẹ̀ lé e.

“Àwọ̀n wo ló ń sáré tẹ̀ lé èèyàn báyìí? Tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ jàre! Àbí o ò jẹun ni?”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá mi fi gbogbo ara fà, orin náà sì bá èémí wọn jáde: *Okùn dé o, ẹ fà á wálé.* Bí wọ́n bá fà, orin á ga. Bí wọ́n bá dẹwọ́, orin á sinmi. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ní kí wọ́n tún un kọ, ìyá mi ní kó wá di ìborùn mú fúnra rẹ̀, nítorí ó ti rẹ àwọ̀n. Ó wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Nígbà tí kàtúùnù náà parí, wọ́n pè wá sí sinimá ní Lẹ́kkí, lọ́sàn-án Sátidé kan. Àwọn ọmọdé kún ibẹ̀ bámú, tàwọn ti gúgúrú. Kí iná tó kú, ìyá mi fi etí ìborùn wọn sí mi lọ́wọ́.

Wọ́n ti fi àwàdà kún ìtàn náà. Akàn kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, tó tún ń jó. “Akàn Eleko kì í lẹ́jọ́ tó báyìí,” ni ìyá mi sọ sí mi létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀, tí àwọn àgbà ń ju okùn sílẹ̀ tí ọmọbìnrin kékeré náà kò jù ú, ìborùn náà le gbagidi lọ́wọ́ mi. Ohùn ìyá mi wá gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ọmọdé kan lẹ́yìn wa ń bá wọn kọ ọ́. Ọkọ̀ yọ láàárín ìgbì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò sómi, ó mú orí okùn kejì wá bá àbúrò rẹ̀ lórí iyanrìn.

N kò lè wo ojú ìyá mi. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi.

Iná tàn. Ọmọbìnrin ìjọ wa wá kúnlẹ̀ síwájú wa, ó ń retí ìdájọ́. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n súre fún un, súre gígùn. Wọ́n wá fẹ́ dìde, ìborùn kò jẹ́. Mo ṣì dì í mú. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Jù ú sílẹ̀, ọmọ mi. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀.”