Ààlè Tí Mo So Mọ́ Igi Obì Olóbì

Àkàrà ni mo fẹ́ rà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó kàn mí. Ìyá alákàrà ń bá ẹni tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Wọ́n so ààlè mọ́ igi obì ìdílé ìyá àgbà opó yẹn, lẹ́yìn ilé ìwé. Ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, ọwọ̀ gígé àti àkísà pupa. Àkọ́bí ìyá àgbà ti ń pọ́n àdá láti àná. Ó ní ẹni tó so ó, òun á so olúwarẹ̀ náà mọ́bẹ̀."

Èmi ni mo so ó.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n ya Èkìtì sọ́tọ̀ kúrò lára Oǹdó. Mẹ́sénjà ni mí ní kánsù ní Emùré. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, abúlé kan tí kò jìnnà ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa sì háyà yàrá sí. A ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ẹgbẹ́ eré tí tíṣà kan dá sílẹ̀. Àwa méje péré ni. A máa ń ṣe ìdánrawò nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé lẹ́yìn ilé ìwé. Tíṣà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ "ulé" fún ilé tàbí "uṣu" fún iṣu lórí ìtàgé. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa dé Ìbàdàn," ló máa ń wí, bẹ́ẹ̀ a ò tíì ṣeré dé Àgbàdo Èkìtì tó wà nítòsí rí.

Nínú eré náà, èmi ni àgbẹ̀ tí olè ń jí iṣu rẹ̀ wà, tó wá so ààlè sóko tó sì ń gégùn-ún. Mo fọwọ́ ara mi ṣe ààlè náà. Àkísà pupa yẹn, etí ìró ìyàwó mi ni mo ti gé e. Ní Sátidé, igi obì tó sún mọ́ wa jù ni mo so ó mọ́. Mi ò tíì gégùn-ún tán tí òjò ńlá fi dé, tí oníkálukú sá lọ sílé. Mo gbàgbé ààlè síbẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ààlè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ tó so ó ni yóò tú u. Èyí tó wá burú jù ni pé àkọ́bí yẹn àti àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń jà lórí igi obì náà láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Kálukú gbà pé èkejì ló so ó.

Mo gbéra láàárọ̀ yẹn láti lọ tú u. Àfi bí mo ṣe bá àkọ́bí nídìí igi, àdá lórí itan.

"Ọ̀gbẹ́ni kánsù, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ta lẹ rò pó ṣe irú èyí?"

"Mi ò mọ̀ o."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà àtipadà ti dí.

Mo yára padà sílé. "Ìyá Ìbejì, bọ́ ìró yẹn."

"Ní àárọ̀ yìí náà? Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí wàhálà?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ìdí rẹ̀, ẹ̀rín tán. Ó ká ìró náà sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó pẹ́ níbì kan. Ní kánsù, mò ń gbé fáìlì lọ sórí tábìlì tí kì í ṣe tirẹ̀. Obì ń já bọ́ nídìí igi, ẹnikẹ́ni kò ṣà á. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tíṣà wò mí títí.

"Bàbá Ìbejì, ààlè wa dà?"

"Ó wà nílé."

"Nílé?"

"Nílé, sà."

"Ó dáa." Ó kó wa lọ sí apá kejì pápá láti ṣe ìdánrawò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àkọ́bí bá àbúrò bàbá rẹ̀ pàdé lọ́nà oko, ó tì í ṣubú, apá bàbá náà sì kán. Àkọ́bí wá búra pé bí ààlè náà bá wà níbẹ̀ di ọjọ́ Àìkú, àdá lòun yóò gbé lọ bá a nílé. Mi ò lè jẹun mọ́. Mo lọ bá tíṣà ní Sátidé.

"Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́rú," ló wí. "Ìwọ ni mò ń dúró dè. Wọ bàtà rẹ."

A bá gbogbo wọn nílé: ìyá àgbà, àkọ́bí rẹ̀, àti bàbá alápá kíkán tí wọ́n ránṣẹ́ sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀.

Bàbá náà wo apá rẹ̀. "Eré? Eré ni apá mi kán sí?"

Àkọ́bí dìde. Ìyá rẹ̀ ní, "Jókòó. Ọwọ́ tó so ó á lọ tú u."

Òjò ti jẹ́ kí okùn náà le. Eyín ni mo fi tú u, àwọn èèyàn sì ń wò mí. Bí mo ṣe ń kó o lọ, àkọ́bí fẹnu sí mi létí: "Ìyá mi ló gbà ọ́ lónìí. Ọ̀nà oko gùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kiri fún oṣù mẹ́ta. Ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ. Bí ewé bá mì, mo ti wẹ̀yìn. Ìró kò kúrò nínú àpótí, kó má baà rán àkọ́bí létí. Mo ní kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tíṣà kọ̀. "Bó o bá sá báyìí, sísá lo ó máa sá títí ayé."

Ọjọ́ eré pé, lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn nígbà tí àkọ́bí wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé nǹkan dání nínú ọ̀rá dúdú. Mo wá ibi tí mo lè gbà jáde, kò sí. Ó tú ọ̀rá. Ààlè tuntun ni.

"Ààlè tó o so lọ́jọ́sí, ìtìjú ló jẹ́ fún mi. Ká ní mo fara balẹ̀ wò ó ni, ǹ bá ti mọ̀ pé àgbẹ̀ kọ́ ló ṣe é. Ta ní ń dojú ìkarahun sókè kójò lè kún un? Wò ó, báyìí ni. Gbà. Bó o bá ṣe tán, tú u o."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Wo bó o ṣe ń gbọ̀n! Ṣé báyìí lo fẹ́ bú olè?"

Mo bú olè lọ́jọ́ náà débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, mo tú ààlè náà lójú gbogbo wọn, mo lọ fi lé àkọ́bí lọ́wọ́. Òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi yọ ìró pupa láti inú àpótí. Ó ti fi aṣọ búlúù lẹ ibi tí mo gé. A gba iwájú ilé wọn kọjá. Àkọ́bí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo etí ìró náà, ó wò mí.

"Ìyá Ìbejì," ló wí, "ẹ kú ọ̀ṣọ́ o."

Mi ò wẹ̀yìn mọ́ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.