Èènì Bàbá Ifáṣínà

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Bàbá Ifáṣínà ní Banigbé, ọjọ́ tí ó jókòó lé àpò àgbàdo rẹ̀, tí ó ní òun ò ní í dìde àfi bí kọ̀ǹpútà bá tọrọ àforíjì, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Fàúzíyàtù ò rí i bí ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi ń ka ìwọ̀n ẹrù, kò sì tíì pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá kó ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan wá láàárọ̀, ó kó ìdá méjì wá lọ́sàn-án. Base, ìyẹn àká tí ìwọ̀n ẹrù gbogbo àgbẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, ro méjèèjì pọ̀, ó ní 0,3. Ètò Fàúzíyàtù náà rò ó, ó ní 0,30000000000000004. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n, ó kọ ÉCART, ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ wà, kò sì fẹ́ tẹ ìwé tí ọkọ̀ máa fi gbé ẹrù jáde.

"Écart kẹ̀? Ṣé ó ní mo jalè ni?"

"Rárá o, Bàbá, ẹ má bínú. Ó ní ohun tẹ́ ẹ kó wá fi díẹ̀ ju ohun tẹ́ ẹ kó wá lọ ni."

"Èmi ju èmi lọ?"

Bàbá bá jókòó lé àpò.

Victorin, alága ẹgbẹ́, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ ò bá tíì lọ nígbà tí aago mẹ́rin bá lù, ìwé àti bírò làwọn máa padà sí, kí Fàúzíyàtù náà máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ọmọbìnrin náà fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Philomène, ìyàwó Bàbá, ti gbé iṣu sísè dé. Fàúzíyàtù mú ẹyọ kan.

"Bàbá, base ń ka nǹkan ní mẹ́wàá mẹ́wàá bíi tiwa. Ètò tèmi, méjì méjì nìkan ló mọ̀. Ẹ bá mi gé ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣu yìí, àmọ́ gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti gé, ìdajì ni kẹ́ ẹ gé e sí."

Bàbá fa ọ̀bẹ yọ. Ó gé e sí méjì, ó gé ìdajì sí méjì, ó tún un gé. Ó rò ó pọ̀, ó dín; ó fi ẹ̀rún kan kún un, ó lé. Òógùn bò ó. Victorin ní tirẹ̀ ń ṣa ẹ̀rún iṣu jẹ.

"Bon," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Kò lè ṣe géérégé láéláé. Tó bá wá lé díẹ̀ ńkọ́? Èènì ni! Philomène, tó o bá wọn gàrí tán, tó o bu díẹ̀ lé e, ta ló ń pariwo écart? Ọmọ mi, sọ fún ẹ̀rọ ẹ pé a máa ń gba èènì níbí."

Fàúzíyàtù bú sẹ́rìn-ín. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ètò náà: bí ìyàtọ̀ ò bá tó gíráàmù kan, kí ó jẹ́ kó kọjá. Ó ní láti sọ ìwọ̀n kékeré náà lórúkọ, ó sì pè é ní *eeni*. Ìwé jáde, ọkọ̀ lọ nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bàbá ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan sí i fún òun.

Bí ó ti ń gba èènì kiri nìyẹn. Bí ọlọ́kadà bá gbé e dé Igolo, á ní kó gbé òun kọjá ilé mẹ́wàá sí i, á sì wá fẹsẹ̀ rìn padà. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó fẹ́ èènì abẹ́rẹ́ nìkan ló ní ó tó.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá mọ́, dókítà ní oṣù mẹ́ta ló kù. Ó lo mẹ́rin. Philomène sọ níbi ìsìnkú pé òun mọ ohun tó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́dún yìí, Fàúzíyàtù tún ètò náà kọ, ó kọ́ ọ láti máa ka nǹkan ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Òun àti base kì í jà mọ́, *eeni* ò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì tó máa fi pa á rẹ́. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa jẹ́ èènì.