Ẹ Má Gba Orí Afárá

Òjò tó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ yẹn kì í ṣe òjò eré. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni alága gáréèjì Ayétòrò pè mí. Ó ní omi ti ń jẹ ìdí afárá kékeré tó wà lọ́nà Eggua.

"Àbúrò, tètè bá wa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sáwọn dírẹ́bà. Ọjọ́ ọjà lòní o!"

Èmi ni mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà. Bí igi bá ṣubú dí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, alága á sọ fún mi, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, á sì dé orí fóònù gbogbo awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi nìkan kọ́ ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ wa, a máa ń lo láíbìrì, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀, a ó wá kọ́ tiwa lé e lórí. Nínú láíbìrì tèmi, kíláàsì kan wà, ìyẹn ẹ̀yà kan nínú àkójọ náà, tó ń jẹ́ sitírìǹgì. Òun ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀: á ka lẹ́tà, á gé e, á so ó pọ̀, á tún un ṣe kó tó jáde. Látìgbà tí mo ti ń lò ó, àmì ohùn kan ò sọnù rí.

Mo kọ ọ́ ní kúkúrú: "Omi pọ̀ lọ́nà Eggua. Ẹ má gba orí afárá." Mo fi ránṣẹ́, mo lọ gbé omi kaná.

Fóònù mi dún, torí nọ́ńbà tèmi náà wà lára àwọn tó ń gbà á. Mo kà á nídìí sítóòfù: "Omi po lona Eggua. E ma gba ori afara."

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀pọ̀ wa sì ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, "ma" yìí lè jẹ́ "má", ó sì lè jẹ́ "máa". Ọ̀nà oko kan wà tó ń gba inú odò lọ sí Eggua. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi á rò pé mo ní kí wọ́n sá fún odò, kí wọ́n máa gba orí afárá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti gbé gàrí rẹ̀ wọ mọ́tò ọjà Eggua láàárọ̀.

Mo pè é, kò wọlé. Mo pe alága, kò wọlé. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ "Ẹ kò gbọdọ̀ gba orí afárá," mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí, ó ń yí, kò lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dákú. Mo pa sítóòfù, mo wọ bàtà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, mo sáré jáde dá ọ̀kadà dúró.

"Ọ̀nà Eggua! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

Ẹrẹ̀ ń ta sí wa lára. Gbogbo mọ́tò tí a bá pàdé ni mo ń wo ojú èrò inú rẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Bí a ṣe yọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí afárá wà, mo rí bọ́ọ̀sì kan tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn, mo gbọ́ ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó dúró níwájú bọ́ọ̀sì náà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Dírẹ́bà yọ orí lójú fèrèsé, ó ń ju ọwọ́ tó fi di fóònù rẹ̀ mú sókè sísàlẹ̀.

"Màmá, ẹ kúrò lọ́nà! Wọ́n ti kọ ọ́ síbí pé ká máa gbà á!"

"Ṣé fóònù lo fẹ́ gbọ́ ni, àbí omi tó ń hó lábẹ́ ọ̀dà títì yẹn? Sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó!"

Mo bọ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró. "Má ni!" ni mo ń ké. "Ẹ má gbà á! Má! Èmi ni mo kọ ọ́!"

Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣa ẹ̀ka igi kan, ó fi gún etí ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó gún dà wálẹ̀ sínú omi, bí ìgbà tí èèyàn bu ẹ̀kọ jẹ. Ó wọ mọ́tò, ó sì rọra fi ẹ̀yìn rìn padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ dáadáa?"

"Mo kọ ọ́ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà."

Nígbà tí mo délé, mo tú kíláàsì yẹn wò. Àwọn tó ni ín ṣe àtúnṣe tuntun, mo sì ti gbà á wọlé kó tó di ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi kún un pé kí sitírìǹgì máa gé gbogbo àmì kúrò, kí ọ̀rọ̀ lè fúyẹ́. Mo pa apá ibẹ̀, mo sì kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn dé pẹ̀lú ọ̀wọ̀: wọn ò mọ̀ pé èdè kan wà tí àmì kékeré bẹ́ẹ̀ lè sọ "dúró" di "máa lọ".

Alága náà fi àṣẹ tirẹ̀ lé e: láti ọjọ́ náà, "Ẹ kò gbọdọ̀" ni ká máa kọ.

Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi ti jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó jẹun tán, ó fọwọ́.

"Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n níwájú mọ́tò yẹn," ló wá sọ. "Ṣé o ò rí i ni?"

"Mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ń gbọ̀n gan-an ni," ó ní, ó sì ní kí n bu omi fún òun mu.