Èémí Tí Ẹwìrì Fi Tọrẹ

Ẹwìrì ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí níbi iṣẹ́. Òkúta ló ń gé, òkúta pẹlẹbẹ fún ilẹ̀ ilé àti fún orí ibojì. Ọdún méjìlélógún ló fi gé e. Nígbà tó dé ibẹ̀, géńdé ni. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ iná tó ti kú tán, iná náà sì jó padà. Ẹnu lásán ló fi fẹ́ ẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ló wà láyà ọkùnrin yìí, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni. Orúkọ náà mọ́ ọn lórí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni fọ́máànù wọn. Òun ló mú un wọ iṣẹ́, òun náà ló fún un ní àbúrò rẹ̀ fẹ́. Ọdún kan péré ló fi ju Ẹwìrì lọ, ṣùgbọ́n àna ni àna ń jẹ́. "Ẹ" ni Ẹwìrì fi ń bá a sọ̀rọ̀, kò sọ "ìwọ" sí i rí, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Lọ́dọọdún, nọ́ọ̀sì kan máa ń gbé rọ́bà kan wá. Òṣìṣẹ́ á fi ẹnu sí i, á fẹ́ ẹ títí èémí á fi tán nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fẹ́ ẹ dé ibi tí wọ́n fàlà sí, wọ́n á mú un kúrò nídìí òkúta, ó di aṣọ́gbà lẹ́nu géètì. Nọ́mbà ni nọ́ọ̀sì máa ń pè, kì í pe orúkọ.

Fọ́máànù ò lè fẹ́ ẹ débẹ̀. Ó mọ̀. Ó fa Ẹwìrì lọ sẹ́yìn ilé.

"Àna mi, bá mi fẹ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, báwo? Kí n fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Èwo ló le níbẹ̀? Mo ní kí o wá fẹ́ àbúrò mi, o fẹ́ ẹ, o ò bi mí ní báwo. Rọ́bà lásán lo wá ń bi mí sí?"

Ẹwìrì rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà fọ́máànù, ó wọlé, òun ni nọ́mbà méje. Nígbà tó yá, ó dé fìlà tirẹ̀, ó tún wọlé, òun ni nọ́mbà méjìlá. Nọ́ọ̀sì ò mọ ìyàtọ̀. Gbogbo wọn ló funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó yíràá nínú ìyẹ̀fun. Eruku òkúta ò jẹ́ kéèyàn mọ baba yàtọ̀ sọ́mọ.

Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nílé: "Bàbá àwọn ọmọ, èmi lẹ fẹ́ ni àbí ẹ̀gbọ́n mi?"

Ní ọdún kẹta tó ti ń bá fọ́máànù fẹ́ ẹ, ọkọ̀ kan ti ọsibítù ńlá wá láti ya fọ́tò àyà wọn. Fọ́máànù ló mú ìwé lọ́wọ́, tó ń pe orúkọ. Ó pe ti gbogbo èèyàn, kò pe ti ara rẹ̀. Wọ́n ní bí nǹkan bá wà láyà ẹnikẹ́ni, lẹ́tà á dé. Kò sí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹwìrì. Ó ní ara òun le nìyẹn, ó padà sídìí òkúta.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé, ikọ́ gbígbẹ tí kì í mú nǹkan jáde. Ó lá oògùn olómi títí, ikọ́ ò gbọ́. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́ láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. Níbi ìwòsàn kékeré àdúgbò, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo, ikọ́ náà kàn ń wò ó ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó wá ń sùn ní ìjókòó, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà obìnrin kan ló bá níbẹ̀, ọmọ tó lè bí.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń húkọ́. "Òkúta ni mo ń gé."

Dókítà gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó ní, "Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ́. Eruku òkúta yín lẹ ti fà sínú. Ó ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró yín. Mi ò ní purọ́ fún yín, Bàbá, àpá yẹn ò ní lọ."

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Ẹ̀dọ̀fóró ti le, kò gba ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ọkàn wá ń ṣe tirẹ̀, ó tún ń fipá ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni omi ṣe ń dúró sẹ́sẹ̀."

Ẹwìrì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọkàn mi náà ń bá ẹlòmíì fẹ́ ẹ nìyẹn."

Kò yé dókítà. Ó ní kó ṣàlàyé. Ẹwìrì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rọ́bà fún un.

Nígbà tí wọ́n padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, dókítà ti tú fáìlì àtijọ́. Ó mú ìwé kan jáde, ó kà á: "Nọ́mbà méjìlá. Àmì eruku ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ mú un kúrò nídìí òkúta lójú ẹsẹ̀." Ìwé náà ti pé ọdún mẹ́fà.

"Bí ẹ bá ti kúrò nígbà yẹn, bóyá ẹ̀ bá ṣì máa gun àtẹ̀gùn yín. Wọn ò fún yín ni?"

Ẹwìrì ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó rí ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí ẹni tó gba lẹ́tà ti fọwọ́ sí i. Àmì kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ọdún méjìlélógún ló ti ń rí ìwọ̀ yẹn lórí ìwé ìsinmi tí fọ́máànù ń fọwọ́ sí fún un. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ẹwìrì ti gbọ́ ọ tipẹ́. Kò mọ̀ pé òun ni ẹ̀fọ́.

Ìyàwó rẹ̀ náà rí ìwọ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Bóyá ó gbàgbé ni."

"Ó gbàgbé lẹ́tà," Ẹwìrì ní. "Kò gbàgbé rọ́bà."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń hanrun ju Ẹwìrì fúnra rẹ̀ lọ. Okùn rẹ̀ dé ojú fèrèsé, kò dé ẹnu ọ̀nà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fín sẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, òmíràn wà tó ń lé omi ẹsẹ̀ jáde, tó ń lé Ẹwìrì náà lọ sílé ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà. Dókítà kọ̀wé síbi iṣẹ́: kí gbogbo àwọn tó ń gé òkúta wá fẹ́ rọ́bà ní ọsibítù, lórúkọ, kí wọ́n sì bọ́jú kí wọ́n tó wá.

Ọjọ́ tí Ẹwìrì lọ gba oògùn ni wọ́n wá. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àgbá ọ́síjìn kékeré nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́máànù wá jókòó tì í. Ó ti wẹ̀. Láìsí eruku, ó kéré.

"Àna mi, pẹ̀lẹ́. Ara ńkọ́?"

"Ara rèé."

Fọ́máànù rẹ ohùn sílẹ̀. "Akọ́bí rẹ tó wa ọkọ̀ gbé yín wá ńkọ́? Géńdé ni. Kó sáré wá bá mi fẹ́ ẹ."

Ẹwìrì fa ọ́síjìn. Ó tún un fà.

"Lẹ́tà mi dà?"

Fọ́máànù ò bèèrè pé lẹ́tà wo. Èyí ló dun Ẹwìrì jù.

"Bí wọ́n bá mú ọ kúrò nígbà yẹn," fọ́máànù ní, "ta ni ì bá máa bá mi fẹ́ ẹ? Mo rò pé tìrẹ ò lè tán. Ṣebí Ẹwìrì ni ọ́."

Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe fọ́máànù lórúkọ. Fọ́máànù ò dìde. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e lé itan Ẹwìrì, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹwìrì mú fìlà náà, ó dé e padà sí i lórí. Ó tún un ṣe, kó má wọ́.

"Fẹ́ ẹ fúnra rẹ."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Obìnrin yìí ti na ọmọ rí nítorí "ìwọ" tí wọ́n sọ sí àgbà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbé àgbá ọ́síjìn sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

Fọ́máànù wọlé. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ nígbà tó fẹ́ ẹ. Kò pẹ́. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ àtùpà pa.

"Bàbá, ẹ tún un fẹ́," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ fẹ́ ẹ dáadáa."