Àǹtí Nọ́ọ̀sì àti Omi Tí Wọn Kì í Mu

Bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ti ní kí ẹ bá àwọn bu omi, òùngbẹ kọ́. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ jáde ni, kí obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá lè ráyè sọ òótọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta ní ọdún mẹ́rin, mo sì ń yọ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lò, torí pé ìyá ọkọ mi ń retí ẹ̀kẹrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ mi òsì wú, ó ń gbóná, kò ṣeé fi tẹlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ṣí àbóníkí, wọ́n fẹ́ fi ra á, ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá wọlé.

"Màmá, ẹ má ra á o. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kì í wú lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi."

Bí ìyá ọkọ mi ti jáde, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sétí mi. "Ìyàwó, kí lò ń lò?"

Mo jẹ́wọ́.

"Ó lè jẹ́ òun ló mú ẹ̀jẹ̀ dì sí ọ lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ọ́. Má dìde. Mo ń lọ pe takisí."

Bí Àǹtí ṣe wí ni dókítà wí nílé ìwòsàn, wọ́n sì gba oògùn náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo padà sílé, ìyá ọkọ mi bi Àǹtí léèrè ohun tí mo gbọ́dọ̀ yẹra fún.

"Oyún ni, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dì. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọdún méjì ná." Àǹtí ò rẹ́rìn-ín rárá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi ní pálọ̀. Wọ́n ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé bí mo bá lóyún, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn máa ti béèrè mi.