Ẹni Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Sin Nínú Wa

Kò tíì pẹ́ tí a sin Mummy tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé Peckham, nílùú òyìnbó níbí, fi pè mí lórí fóònù. Kò mọ̀ pé wọ́n ti kú. Láti ìgbà ooru ló ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Káńsù fẹ́ wó ẹsitéètì tí a gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn kan sì fẹ́ gba ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Gbogbo àgbà mọ́sálááṣí wa ló ń sọ fún un pé kó lọ bá Mummy, pé ìyá náà ló mọ bí ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá Mùsùlùmí ṣe bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yìí.

Mo sọ fún un pé wọ́n ti kú. Bí ẹni ń sọ pé bọ́ọ̀sì ti lọ ni mo ṣe sọ ọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Kí ó má baà pẹ́ jù lẹ́nu àforíjì yẹn ni mo ṣe ní èmi yóò wá dípò wọn. Lásìkò yẹn, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣe ni mò ń gbà. Ó rọrùn ju kí n ronú lọ.

Mi ò tíì sunkún. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń da iyẹ̀pẹ̀ bo Mummy, ọkọ̀ tí mo páàkì sẹ́bàá ọ̀nà ni mò ń rò, bóyá àkókò tí mo sanwó páàkì fún ti tán. Àwọn Aunty tó wá kí wa ń gbá mi mọ́ra, wọ́n ń ní, "Jẹ́ kó wá, má pa á mọ́ra." Kò sí ohun tí mò ń pa mọ́ra. Ara mi dà bí ẹnu ṣe máa ń rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ dókítà eléyín. Èèyàn á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé ẹran ara òun ni, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo ń fọ ife tíì àwọn àlejò. Mo ń dá àwo oníàwo padà.

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé náà. Àwọn tó wá kò pọ̀, àwọn òyìnbó arúgbó díẹ̀, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, àti àwọn àgbà bíi mélòó kan láti mọ́sálááṣí. Àlàájì jókòó níwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Iṣẹ́ télọ̀ ló ṣe títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Nínú àwọn tó bá bàbá mi kírun ní pálọ̀ wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun nìkan ló kù láyé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó mú un wá, jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Mo dìde, mo sọ ohun tí mo mọ̀. Èyí tí ojú mi rí wà níbẹ̀, èyí tí Mummy sọ fún mi nínú kíṣínì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá mi wá kàwé ni. Ọdún márùn-ún ló dá fún ara rẹ̀. Ìwé kò tètè tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, ó ránṣẹ́ sí Mummy, wọ́n bí wa, káńsù fún wa ní fúláàtì kan lókè téńté. Ojoojúmọ́ ni lífítì ń bàjẹ́. Ní ibùdókọ̀ ni òun àti Àlàájì ti pàdé. Ẹnì kan ti Àlàájì lójú ọ̀nà, Àlàájì sì ń bú u ní Yorùbá, ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Bàbá mi dá a lóhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ bú u yìí ti tó o." Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti fira wọn sílẹ̀.

Àwọn mìíràn fara hàn díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan láti Old Kent Road, ọ̀kan láti apá Rye. Wọn kì í ráyè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí náà ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń pàdé nílé wa. A ó gbé àga sí kọ́rídọ̀, a ó tẹ́ ẹní, bàtà á kún ẹnu ọ̀nà. Obìnrin òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gòkè wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí ló ń já lulẹ̀ lórí òun. Mummy fún un ní mọ́ínmọ́ín gbígbóná. Kò tún béèrè mọ́.

Kò sẹ́ni tó pinnu láti dúró nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń lọ sílé, ọdún tí wọ́n máa lọ nìkan ni wọn kò mọ̀. Àpótí wà lórí wọ́dúróòbù ní gbogbo ilé tí mo bá wọ̀. Mummy ra àwo tánganran tó lódòdó létí, wọ́n fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú páálí rẹ̀. Bí mo bá ní ká fi jẹun, wọ́n á ní, "Ti ilé nìyẹn." Àwo ike là ń lò.

Ní ọjọ́ Tuesday kan, mo dé láti ilé ìwé, mo rí bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà bí ọjọ́ Sunday. Bàbá mi ti ṣubú ní gáréèjì. Wọn kò gbé e dé ọsibítù kó tó kú. Wọ́n mú èmi àti àbúrò mi jókòó síwájú tẹlifísàn tí kò sẹ́ni tó tàn án, àwa náà sì ń wò ó.

Kò tíì sẹ́ni tó kú nínú wọn rí. Wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra iṣu àti ẹran tí Mùsùlùmí lè jẹ, wọ́n mọ ẹni tó ń dirun. Ọ̀rọ̀ òkú kò tíì kàn wọ́n. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, ẹnì kan ń wo ojú ẹnì kejì. Àbúrò bàbá mi pè láti ilé pé kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n òun wá sílé. Àlàájì ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, pé àwọn yóò dáwó jọ. Ìgbà náà ni Mummy jáde láti yàrá. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ.

"Àlàájì, ẹ má gbé e lọ. Ẹ jẹ́ ká sin ín síbí."

Àlàájì ní, "Ìyá àwọn ọmọ, àjò kò dùn kí onílé má rèlé. Ṣé inú òtútù yìí ni ká fi ọ̀rẹ́ mi sí?"

"Ṣé òtútù ń mú òkú ni? Àwọn ọmọ tó bí ni òtútù ń mú. Bí ẹ bá gbé e lọ, ta ni yóò máa mú wọn lọ wò ó?"

"Kí ni a ó sọ fún ẹbí?"

"Ẹ ní èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wá bá mi jà."

Àlàájì dìde. "Bí a bá sin ín síbí, a jẹ́ pé a ti dúró nìyẹn. Ṣé o mọ̀?"

Mummy ní, "A ti dúró, sà. Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ Mummy ni wọ́n tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan lọ bá ọmọ Pakistan tó ń ta ẹran fún wa, ìyẹn ló mú wọn lọ sí mọ́sálááṣí àwọn èèyàn tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Àlàájì tí kò fẹ́ kí wọ́n sin ín síbí ló gé aṣọ ìsìnkú funfun ní pálọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ ń yá bíi ti ojoojúmọ́, omi sì ń kán láti imú rẹ̀ sórí aṣọ. Àwọn ọkùnrin nìkan ló lọ sí itẹ́ òkú. Mummy wo ọkọ̀ wọn láti bálíkónì títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Bí Mummy ṣe parí opó ni wọ́n fa páálí àwo yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n bu ìrẹsì sí i fún wa, wọ́n ní ká jẹun. Ní ilé àwọn yòókù pẹ̀lú, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí wọ́dúróòbù. Àwọn ọkùnrin ní kò ní dára kí ẹlòmíràn tún kú kí a máa wá ibi tí a ó ti kírun sí i lára kiri. Wọ́n gba wíàháùsì kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ní Old Kent Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ibẹ̀ ni mọ́sálááṣí àkọ́kọ́ wa. Àlàájì kò wọ ilé wa fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n bí ọdún Iléyá bá ti dé, ìyàwó rẹ̀ á gbé aṣọ tuntun wá fún èmi àti àbúrò mi, á sì bá wa lára mu.

Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi nígbà náà. Mo ní mi ò mọ̀.

Àlàájì gbé ọ̀pá sókè. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ó yẹ ká gbé e lọ. Èmi, mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi, ilé ni kí wọ́n gbé mi lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi Yorùbá tó dà bíi ti òyìnbó ní, "Daddy, ta ló máa wá wò yín níbẹ̀?"

Àlàájì wo ilẹ̀. "Ohun tí ìyá rẹ̀ bi mí nìyẹn," ó nàka sí mi. "Mi ò rí èsì fún un. Mi ò tíì rí i."

Nígbà tí a ń jáde, ó ní kí n mú òun lọ sí itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ kejì, mo wa ọkọ̀ láti ilé mi ní Forest Hill lọ gbé e. Ó kọ́kọ́ dúró níbi sàréè bàbá mi, ó ṣe àdúrà. Ó wá ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan. Mo ní Mummy kò sí níbẹ̀, pé apá ibẹ̀ ti kún tipẹ́, pé ìkangun lọ́hùn-ún, létí fẹ́ǹsì, ni wọ́n fún wa. A rìn lọ síbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni, pẹ̀lú igi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí.

Ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, ó rọra ń bẹ̀rẹ̀ títí ó fi lóṣòó. Ó ní, "Ìyàwó wa, èmi nìyí. Mo pẹ́ kí n tó dé, má bínú." Ó sọ fún Mummy pé káńsù fẹ́ wó ẹsitéètì, pé mo sọ̀rọ̀ dáadáa, pé òjò ò tíì rọ̀ láti àná. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo di ọ̀pá mú. Mo ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá.

Mo fà á dìde. Ó ní, "Ṣé o ti sunkún?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò sunkún ìyá mi. Ilé ni wọ́n kú sí, èmi wà níbí. Ọdún gorí ọdún. Ọjọ́ kan, mò ń rán ṣòkòtò oníbàárà, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò lè dáwọ́ dúró. Oníbàárà yẹn sá jáde." Ó gba ọ̀pá rẹ̀. "Má wá ẹkún kiri."

Kí a tó dé ilé rẹ̀, ó ti sùn lọ nínú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, orí rẹ̀ fara ti gíláàsì. Mo páàkì síwájú ilé. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi kóòtù mi bò ó lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó tì í títí ó fi jí.