Bọ́ọ̀dù Tí A Tò ní Pálọ̀ Bàbá Mi

Iṣẹ́ sátẹ́láìtì ni mo ń ṣe lókè òkun, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìyá òyìnbó làwọn ará Kàbà, ìlú mi, ń pè mí. Iṣẹ́ náà kò tó bí wọ́n ṣe rò ó. Mo máa ń yẹ wáyà wò, mo máa ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo sì máa ń bá àwọn tó yẹ ẹ́ wò ṣáájú mi jà. Òfin kan ló le jù níbẹ̀: ohunkóhun tó bá ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gun àkàbà lọ tún un ṣe tó bá ti wà lókè.

Nígbà ọyẹ́ ni mo máa ń wálé, tí mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà níṣẹ́ náà ní pálọ̀ bàbá mi. Lọ́dún kan, ọ̀gá mi gbà kí n gbé bọ́ọ̀dù gidi kan wá, pẹlẹbẹ bíi káàdì, kí ọ̀kan nínú wọn to ẹ̀yà sí i lára, kí n sì gbé e padà fún sátẹ́láìtì kékeré kan. Tó bá yege, wọ́n á mú ẹni tó tò ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ abúlé Ayewa, ni mo gbé e fún, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ọ̀kadà ló ń gùn wá lójoojúmọ́, eruku á ti bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Mo fẹ́ kó lọ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ. Ó ti sú mi kí èmi nìkan máa jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa níbẹ̀.

Ẹ mọ ọyẹ́ wa. Téèyàn bá ń bọ́ aṣọ, á máa ta pẹ́pẹ́, iná kékeré á sì máa jáde lára rẹ̀. Iná kékeré yẹn, tí kò lè pa eṣinṣin, lè ba inú bọ́ọ̀dù jẹ́ láìsí àpá lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ fi ń so wáyà kan mọ́ ọrùn ọwọ́, tí wáyà náà á gba ara tábìlì wọlẹ̀, kí iná náà lè bá a lọ. Mo fi èyí kọ́ wọn títí ó fi sú wọn.

Ó ku ẹ̀yà méjì péré nígbà tí ìyá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ta ni yóò jókòó sórí àga kí ìyá àgbà ní Kàbà? Ìyá mi kí i pé, "Okun o, ọmọ mi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bàbá rẹ̀, iṣu wọn, àti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ̀. Mo rí i tí wáyà náà já kúrò lára tábìlì. Mo rí i tí aṣọ òtútù rẹ̀ kan bọ́ọ̀dù. Mo dákẹ́. Ọmọ náà so wáyà padà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nírọ̀lẹ́, a dán bọ́ọ̀dù náà wò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀dù tí iná yẹn bá kàn lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó kú lóṣù mẹ́ta sí i. Mo tún mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò ní lò ó, àǹfààní ọmọ náà á sì bọ́. Mo sọ fún ara mi pé bóyá iná náà kò tiẹ̀ kàn án. Èmi tí mo ti dójú ti àwọn àgbààgbà níbi iṣẹ́ nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló tún ṣáájú àwọn yòókù dé.

"Àǹtí, wáyà yẹn já nígbà tí mo ń kí Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí tí n ò fi sọ ọ́ lánàá."

Mo ní, "Mo rí i."

Ó wò mí. "Ẹ rí i, mà?"

N ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Ojú tì mí gan-an.

Àwa méjèèjì kọ tiwa sílẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Òun kọ pé wáyà já, èmi kọ pé mo rí i, mo sì dákẹ́. Wọn ò lo bọ́ọ̀dù náà, wọn ò mú ẹnikẹ́ni láti Kàbà lọ́dún yẹn, wọ́n sì ní kí n ṣì fi kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níbi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo pè é láti sọ fún un, ó sunkún lórí fóònù, n ò sì sọ pé kó dákẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ lófin pé kéèyàn máa sọ ọ́, òun ló sì kọ́kọ́ pa á mọ́, bó tiẹ̀ pẹ́ di ọjọ́ kejì.